Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìkirè, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Àbíjáàn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń ta dòdò, ẹ ti bi mí ní ìbéèrè kan náà títí tó fi sú yín: báwo ni Àbíjáàn ṣe rí? Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni, màá gbé àwo dòdò mi lé orí, màá sì kọjá lọ. Àwọn kan nínú yín rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ̀yin méjì ti ń wá ẹni tí yóò mú yín kọjá Kútọnu tí Iléyá bá ti lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò sọ pé kí ẹ má lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo bá nílé nígbà tí mo padà dé.

Èmi kì í ṣe àgbàlagbà. Àwọn tó jù mí lọ ṣì pọ̀ nínú agbo ilé wa. Síbẹ̀, bí mo bá ní kí n sọ fún yín bí Ìkirè ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ máa ń wò mí bí ẹni pé ayé àwọn bàbá ńlá yín ni mò ń sọ.

Ìyá Mútíátù ni gbogbo èèyàn ń pe màmá mi. Èmi ni Mútíátù yẹn. Ààrò màmá mi wà lẹ́bàá títì, lábẹ́ igi máńgòrò kan tó gbòòrò débi pé bí òjò bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a ó ti dín agbada kan tán kí ó tó kán sí wa lára. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ máa ń dúró kí wọ́n tó kọrí sí Gbọ̀ngán tàbí Ifẹ̀. Awakọ̀ a sọ̀kalẹ̀, a na ẹsẹ̀, a ní, "Ìyá Mútíátù, ẹ kú iná o. Ṣé tòní ta lẹ́nu bíi ti àná?" Màmá a ní, "Tọ́ ọ wò. Bí omi kò bá yọ lójú rẹ, má sanwó." Àwọn èrò inú ọkọ̀ a rẹ́rìn-ín, ọwọ́ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í na jáde láti ojú fèrèsé.

Gbogbo yín ló ń ta dòdò Ìkirè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín kò dín in rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí Màmá ṣe ń ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n ni. Èèpo rẹ̀ á ti dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ á ti rọ̀, òórùn rẹ̀ á sì ti dà bí oyin. Èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní ohun tó ti bàjẹ́, òun gan-an ni dòdò Ìkirè. Màmá a gé e wẹ́wẹ́, a fi ata gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, a dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, lẹ́yìn náà a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí yóò fi di ẹyọ kan tí kì í tú, a sì fi ewé pọ́n ọn. Bí ẹ bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì le tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n dín in, kò ní mọ́ra. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Á máa fọ́ sí yín lọ́wọ́ ni.

Àpòmù la ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. A máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ ni, èmi àti Màmá, nítorí ọ̀nà náà kò jìn, a ó sì rù ú bọ̀. Ní àkókò kòkó, gbogbo ojúlé Àpòmù ló máa ń ní ẹní tí wọ́n sá kòkó sí, òórùn rẹ̀ a sì tẹ̀ lé wa títí a ó fi padà dé Ìkirè. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ a ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára síwájú. Màmá kì í wò ó.

"Ìyá Mútíátù, ẹ ò rí èyí tó rẹwà yìí ni?"

"Mo rí i. Ẹ gbé e fún baálé yín kó fi jẹ ẹ̀wà. Èyí tó ti gbó bíi tèmi ni mò ń wá."

Nígbà náà ni wọ́n á wá fa agbọ̀n ẹ̀yìn jáde. Màmá a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Bí àtàǹpàkò bá wọlé láìjà, ó di tirẹ̀. Ó máa ń mú ọwọ́ mi, a ní kí èmi náà tẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì lè kọ orúkọ mi dáadáa nígbà tí àtàǹpàkò mi ti mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Màmá wò mí, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní, "Dìde. O ti bá mi gé e sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ajísààrì a máa lu agolo kiri àdúgbò, wọ́n á máa dárúkọ onílé kọ̀ọ̀kan nínú orin. Wọ́n á kọrin pé Ìyá Mútíátù, ẹ jí, iná ààrò yín ti kú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọn kì í gba ààwẹ̀ wa, náà a jí, wọ́n á ní ajísààrì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aago àwọn. Ààwẹ̀ tó kọjá yìí, fóònù ló jí mi. Mo dùbúlẹ̀, mo ń retí agolo, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun kan wà tí Màmá kọ́ wa tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí nígbà tí ẹ bá ń ka èyí lọ. Tí ó bá di Iléyá, a máa ń gbé ẹran láti ilé dé ilé, gbogbo ilé tí a bá sì dé ni wọ́n á ti gbé oúnjẹ fún wa. Màmá a pè wá kí a tó jáde. A ní, "Ilé tí kì í bá ṣe ilé yín, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ jẹ ẹ́, ẹ sọ pé ó dùn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì dé e. Ọ̀dọ̀ ìyá yín nìkan lẹ ti lè fi ìka lá àwo." Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń ṣe. A ó padà sílé pẹ̀lú ebi, a ó sì lá àwo Màmá títí yóò fi mọ́ bí èyí tí wọ́n fọ̀.

Ọmọ Àpòmù ni ọkọ mi, télọ̀ ni, Àbíjáàn ló sì ti ń ránṣọ. Ó wálé ṣe Iléyá, ó fẹ́ mi, ó sì ní a jọ ń lọ. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbéra, Màmá kò sunkún. Ó wà nídìí ààrò, ó ń ko iná. Ó ní, "Ààrò yìí ò ní lọ síbì kan. Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, ìwọ ni màá fi lé lọ́wọ́. Lọ, kí o padà wá gbà á." Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ bí ẹni gbé kọ́kọ́rọ́ ilé dání.

Mi ò ní purọ́ fún yín nípa Àbíjáàn. Iná ibẹ̀ kì í lọ bíi tiwa. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ. Ọkọ̀ ojú omi wà tí ń gbé èèyàn kọjá ọ̀sà lọ sí ibi iṣẹ́, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́ sí ọ lójú bí ẹni pé o kò ní ìṣòro kankan láyé. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń kí gbogbo èèyàn, ẹni tó jókòó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Wọ́n á na ọwọ́ sí ọ, ó tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, orúnkún mi a máa tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí mo bá rí àgbà. Wọ́n a máa wo ilẹ̀, wọ́n a máa bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, orúnkún mi kò tẹ̀ mọ́.

Àwọn náà ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Alókó ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kan lẹ́bàá ilé wa ló ń dín in, Tàńtí ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa ṣe ń pe èèyàn ní Àǹtí. Ó gbà mí síṣẹ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi pé iṣẹ́ ìyá mi ni mo tún bá pàdé. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyá mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, tí èèpo rẹ̀ ṣì pupa rẹ́súrẹ́sú, ni Tàńtí ń lò. Òróró funfun ló fi ń dín in, kì í jẹ́ kí ó dúdú, ẹja àti àlùbọ́sà ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Bí àbààwọ́n dúdú kan bá wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, a óò sọ ọ́ nù sínú garawa ìdọ̀tí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo tọ́jú àwọn tó dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí n dín tiwa fún un kó tọ́ ọ wò. Tàńtí da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní kí ọmọ Yorùbá kan bá òun bi mí bóyá mo fẹ́ pa àwọn oníbàárà òun ni. Ọmọ Yorùbá yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mútíátù, fi Ìkirè sílẹ̀ sí Ìkirè."

Mo fi sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Ọwọ́ mi wá yá débi pé mo lè máa ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí n sì máa bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èyí tó pupa, síbí. Èyí tó dúdú, sínú garawa. Mi ò wò ó mọ́.

Màmá a máa pè mí lórí fóònù. Ó sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, Bọ́sẹ̀, ọmọ àwọn aláṣọ funfun ẹ̀yìn ilé wa. Mo ní, "Ṣé ó mọ̀ ọ́n dín?" Màmá ní, "Ó ń gbìyànjú. Kì í ṣe bíi tìẹ." Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ọ̀tún Màmá kò gbé mọ́. Ó jí lọ́jọ́ kan, ọwọ́ náà kàn wà níbẹ̀ bí ti ẹlòmíràn. Ó pè mí. Ó ní, "Mútíátù, mi ò lè gbé agbada mọ́. Máa bọ̀. Bí o kò bá bọ̀, màá fi ààrò lé ẹni tó wà nítòsí mi lọ́wọ́, nítorí n kò fẹ́ kí ó kú." Ọkọ mi ní òun ò lè pa ṣọ́ọ̀bù òun tì, pé bí mo bá lọ kí n mọ̀ pé mo lọ nìyẹn. Kí n tó gun ọkọ̀, Tàńtí ti fi ọmọbìnrin mìíràn sí àyè mi. Gbogbo ohun tí mo ní ní Àbíjáàn ni mo fi sílẹ̀ nítorí ààrò kan lẹ́bàá títì ní Ìkirè. Kò dùn mí. Mo rò pé tèmi ni mò ń lọ gbà.

Ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti débẹ̀. Wọ́n ti gé igi máńgòrò nígbà tí wọ́n ń fẹ títì. Ààrò ti sún sẹ́yìn, páànù ni wọ́n fi bò ó. Ọkọ̀ ń kọjá fìì, fìì, kò sí èyí tó dúró. Àwọn ọmọdébìnrin bíi tiyín ló ń sáré tẹ̀ lé wọn, dòdò wà nínú ọ̀rá, kò sí ewé mọ́. Àlùfáà àdúgbò wa wá kí mi káàbọ̀, mo sì na ọwọ́ sí i. Ó wo ọwọ́ náà. Kí n tó rántí kúnlẹ̀, ó ti ń ṣe àdúà fún mi, ó ń wo ibòmíràn.

Nínú ìdílé màmá mi, wọn kì í kàn sọ pé gba ààrò. Ẹni tí yóò gbà á á dá dín agbada kan, láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíṣà títí dé orí títẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni ààrò á jókòó sínú ilé, kò ní wò ó, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi mọ̀. Bí ìyá màmá mi ṣe fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Màmá ní èmi náà á ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé ọmọ lòun kàn ṣe ojúsàájú fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bọ́sẹ̀ gbé agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì kalẹ̀ fún mi. Fúnra rẹ̀ ló lọ rà wọ́n ní Àpòmù, ó sì da oríṣiríṣi pọ̀ kí n lè ṣà wọ́n. Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ láti fi hàn mí pé òun mọ òfin, ó sì jókòó sórí àpótí. Inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń ronú nípa Màmá, mo ń ronú nípa igi máńgòrò, ọwọ́ mi sì ń lọ. Bọ́sẹ̀ wúkọ́. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó tún wúkọ́. Mo ní èéfín ni, kí ó sún kúrò níbẹ̀. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Omi ti dé ojú rẹ̀. Mo rò pé ó ń jowú ni.

Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kí ni àwọn ewúrẹ́ yẹn ń jà lé lórí?"

Mo wo ẹ̀yìn mi. Gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò ti péjọ. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, èyí tó rọ̀, èyí tó ń rùn bí oyin, wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹnu wọn. Èmi ni mo sọ wọ́n síbẹ̀. Èyí tó wà níwájú mi, tí mo ti bó, tí mo ti gé, pupa ni, ó le, ó rẹwà. Ti Tàńtí ni.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì mú ọ̀kan tí ewúrẹ́ ti jẹ dé ìdajì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé láìjà.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Mo lè dé Àpòmù nísinsìnyí kí n sì padà. Mo gbàgbé ni."

Ó ní, "O ò gbàgbé. Ẹni tó gbàgbé a dúró, a fọwọ́ họrí. Ọwọ́ tìẹ kò tilẹ̀ dúró."

Kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo. Ó wo Bọ́sẹ̀, ó ní, "Èyí tó kù nínú agbọ̀n, ṣé ó lè tó agbada kan?"

Bọ́sẹ̀ ń sunkún. Ó ní, "Kò tó, Màmá."

"Dín èyí tó bá tó."

Bọ́sẹ̀ ló wà nídìí ààrò báyìí, gbogbo yín mọ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí, tiyín ni, mo kàn ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni." Mo máa ń dáhùn pé kò burú. Mo ti lọ sí Àpòmù láìmọye ìgbà láti ìgbà náà, mo ti ṣa èyí tó dúdú, mo ti gé e, mo ti dín in nígbà tí Bọ́sẹ̀ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń fọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá mo tètè ń kó o kúrò nínú epo nítorí ẹ̀rù ń bà mí kí ó má lọ dúdú. Ti Bọ́sẹ̀ ni mò ń gbé sórí. Bí èrò ọkọ̀ bá bi mí pé, "Ìwọ lo dín in?" mo máa ń sọ pé ilé wa ni wọ́n ti dín in. Bí Bọ́sẹ̀ bá sì bu ti alẹ́ fún Màmá, mo máa ń rí i tí Màmá ń fi ìka lá àwo rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò tíì pẹ́, Màmá pè mí. Ó ní, "Èyí tí ẹ máa ń dín níbẹ̀ yẹn, dín in fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ra òróró, mo ra ẹja, mo gé àlùbọ́sà. Mo ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mo ń sọ òtítọ́ fún yín, ọwọ́ mi kò ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pupa bó ṣe yẹ, ó rọ̀ nínú, ó ta sánsán. Láti ìgbà tí mo ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ṣe nǹkan kan dáadáa nínú ilé yẹn, mo sì ń retí bí ọmọdé. Mo gbé e síwájú Màmá lórí ẹní, mo kúnlẹ̀.

Ó mú ẹyọ kan. Ó jẹ ẹ́, ó rọra jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ó dùn. Àwọn ará ibẹ̀ mọ oúnjẹ sè. Mo dúpẹ́."

Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì wá ìdérí, ó dé àwo náà, ó sì rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi.